Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti bá mi yan ohun inú rẹ̀

Mo lọ ra kọ̀ǹpútà lónìí, ọwọ́ òfìfo ni mo gbé wálé.

Èyí tó bàjẹ́ yẹn, ọmọọmọ mi Mọ́rẹ́nikẹ́ ló bá mi tò ó kó tó lọ sí Kánádà. Ètò ọ̀fẹ́ kan ló fi sí i, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ọgọ́ta ọdún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà. Tí mo bá tàn án, á kọ ọ́ sójú pé, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Àgbà." Ó fi ẹ̀dà ètò náà sílẹ̀ fún mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgọ́ Palace, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tí inú rẹ̀ ṣófo.

"Kò sí o, Màmá. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti kó ètò tiwọn sí i."

"Owó ètò yẹn ńkọ́?"

"Ó ti wà nínú owó tẹ́ ẹ máa san. Ẹ lè yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá délé, àmọ́ tó bá bàjẹ́, a ò ní gbà á padà."

Mo ní, "Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta aṣọ ní Aswani. Mi ò fi dandan so télọ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà kankan rí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí wọ́n ṣe dì í ni mo ṣe ń tà á."

Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìkíni ọmọ yẹn ló wù mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n rà á, kí n sì yọ ọ́? Ẹ dá mi lóhùn o. Ilẹ̀ ń mọ́ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń kí mi.