Òjé Ọwọ́ Mojíre

Nígbà tí Ògúndèjì, tó ń tún àtùpà ṣe ní Ìlódè, kú ní ọdún 1954, ẹbí rẹ̀ jókòó láti pín ogún. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sósì, wọ́n sì ní kí Mojíre, ìyàwó rẹ̀, jókòó sáàárín. Òun náà wà lára ogún. Àlàní, àbúrò olóògbé, ni yóò ṣú u lópó, òun náà ni yóò sì gba ìsọ̀.

Mojíre dìde, ó mú irin olórí bàbà tí ọkọ rẹ̀ fi ń yọ́ òjé, ó tì í bọ inú ìró rẹ̀.

“Ẹ pín aṣọ, ẹ pín ilẹ̀. Ẹ ò ní í pín irin yìí, ẹ ò sì ní í pín èmi.”

Àlàní bú sẹ́rìn-ín. “Kí lo fẹ́ fi ṣe? Òjé kì í mú lọ́wọ́ obìnrin!”

Irọ́ gbuu! Ojú Ògúndèjì ti di bàìbàì tipẹ́tipẹ́. Òun ló ń jókòó níwájú ìsọ̀, tó ń kí oníbàárà. Mojíre ló wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó ń fẹ́ná, tó ń fi òjé jó páànù pọ̀. Àwọn ará ilé mọ̀, wọ́n kàn panu mọ́ ni.

Bàbá Lágúnjú, olórí ẹbí, ní kí àwọn méjèèjì mú àtùpà tó ń jò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi òjé dí i; ẹni tí tirẹ̀ kò bá jò mọ́ ni yóò ni ìsọ̀.

Àlàní da òjé bo ojú ibi tó lu, ó rọ omi sínú rẹ̀. Kò jò. Ó ń yan káàkiri àgbàlá. Mojíre kò tíì fọwọ́ kan òjé rárá. Ó ń fi ọ̀bẹ ha páànù títí ó fi ń dán, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, torí òjé kì í di ìdọ̀tí mú. Ìgbà náà ló tó gbé bàbà gbígbóná lé e, tí òjé fi yọ́ wọ àárín etí páànù tó là.

Wọ́n gbé omi fún un. Ó kọ̀ ọ́.

“Ta ló ń fi omi tan àtùpà? Ibi tí omi kò lè gbà, karosíìnì ń gbà á.”

Ó da omi inú ti Àlàní nù, ó da karosíìnì sínú àtùpà méjèèjì. Ó gbé tirẹ̀ lé orí itan Bàbá Lágúnjú, lórí agbádá funfun tó wọ̀. Àwọn ènìyàn pariwo. Ó yíjú sí Àlàní.

“Ọkọ mi, ẹ gbé tiyín náà lé aṣọ yín.”

Àlàní ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi rin, tí òórùn karosíìnì gba àgbàlá.

Bàbá Lágúnjú gbé àtùpà kúrò lórí itan. Ó wo agbádá rẹ̀ dáadáa: funfun báláú.

“Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣú u lópó. Mojíre, lọ ṣí ìsọ̀ rẹ.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, Mojíre ti já aṣọ ìkélé yẹn lulẹ̀. Ó ya á sí wẹ́wẹ́, ó fi ń nu páànù, ó sì jókòó síwájú ìsọ̀.