Ẹṣin Tó Ń Pààrọ̀ Eyín

Ahọ́n ẹṣin gbóná ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ń yọ̀, ó sì nípọn. Bí mo ṣe ń dì í mú ló ń fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá dúró tì mí lẹ́yìn gbágbá, òórùn àdí àgbọn tó fi ń para gba imú mi.

"Fà á sí ẹ̀gbẹ́," ó ní. "Bí ahọ́n rẹ̀ bá ti wà láàárín eyín, kò ní lè gé ẹ jẹ láìgé ara rẹ̀ jẹ."

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Màmá kì í ṣe ẹbí wa. Ìyá arúgbó tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa ní Ìlódè ni, ọmọ Ìwó, ọkọ ló gbé e wá sí Ifẹ̀. Láti àárọ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ìró yẹn bá dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, ìyá mi á ké láti ilé ìdáná pé, "Màmá, ṣé kò sí o?"

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí bẹntiróòlù di ohun àwátì. Takisí bàbá mi dúró sójú kan títí adìẹ fi ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ni bàbá mi bá lọ ra ẹṣin kan ní Sábó, kí àwọn ọmọdé lè máa gùn ún nígbà Iléyá àti níbi ọjọ́ ìbí. Ẹni tó tà á fún un ní ẹṣin náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Oṣù àkọ́kọ́ dára. Lẹ́yìn náà ni ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Yóò bu èèrí ọkà sẹ́nu, yóò rọra máa jẹ ẹ́, yóò gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, oúnjẹ náà á sì tún já bọ́ sílẹ̀ ní ṣùkùṣùkù pẹ̀lú itọ́. Kò pẹ́ tí egungun ìhà rẹ̀ fi yọ síta. Gbogbo àdúgbò ní ẹṣin arúgbó ni wọ́n tà fún bàbá mi. Inú bí i, ó lọ sí Sábó, ó pe ọkùnrin náà ní oníjìbìtì lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ránṣẹ́ sí alápatà kan ní Ìpetumodù pé kó wá mú ẹṣin náà ní àárọ̀ Sátidé.

Alápatà ti dé, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì rọ̀ mọ́ ọrùn ẹṣin, mò ń ké. Igbe mi ni Màmá gbọ́ tó fi ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀.

"Àkànní, ta ló wo ẹnu rẹ̀?" ó bi bàbá mi.

"Ẹnu kẹ̀, Màmá? Ṣé ẹ ò rí ara rẹ̀ ni?"

"Mo rí ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo béèrè."

Ọjọ́ yẹn la tó mọ̀ pé bàbá tó bí Màmá ló ń tọ́jú ẹṣin fún ìjòyè kan ní Ìwó láyé àtijọ́. Ó fọ ọwọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ẹṣin náà, ó wá ṣí ètè rẹ̀ sókè. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ wá wò ó," ó ní. "Mẹ́rin tó wà láàárín nísàlẹ̀ yìí, eyín tuntun ni wọ́n, wọ́n fẹ̀, ihò orí wọn ṣì jìn. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kéré, wọ́n funfun, ìdí wọn tín-ín-rín: eyín ọmọdé nìyẹn. Bí ẹṣin bá gbó, ihò yìí á ti jẹ tán, eyín á gùn, á na síwájú. Eléyìí ṣì ń pààrọ̀ eyín ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni."

Mo fi ahọ́n kan àlàfo iwájú ẹnu tèmi. "Bíi tèmi, Màmá?"

"Bíi tìẹ gan-an."

"Kí ló dé tí kò wá jẹun?" bàbá mi béèrè.

Màmá gbóòórùn ẹnu ẹṣin náà, ó fajú ro. Ó ní eyín ọmọdé kan ló kọ̀ tí kò bọ́ lẹ́yìn, nínú àwọn eyín ńlá tó fi ń lọ oúnjẹ. Ó jókòó lórí eyín tuntun bíi fìlà, oúnjẹ sì ti há sábẹ́ rẹ̀, ó ń rà. Ó gbìyànjú láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, kò wọlé. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọwọ́ òun ni bàbá òun máa ń lò, nítorí pé ó kéré. Ló bá wo ọwọ́ mi.

"Rárá o, Màmá! Ọmọ mi kọ́!" bàbá mi ké.

"Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú dáadáa," Màmá ní. "Mo wà níbẹ̀."

Alápatà ló kọ́kọ́ ju okùn sílẹ̀. Ó di ẹṣin náà mú lápá ọ̀tún, bàbá mi dì í mú lápá òsì.

Bí ọwọ́ mi ṣe gba ibi tí kò sí eyín, láàárín eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọlé nìyẹn. Eyín àkọ́kọ́ tí mo kàn lẹ́yìn ń mì bíi bọ́tìnnì tí òwú rẹ̀ fẹ́ já. Mo ti èékánná bọ abẹ́ rẹ̀, mo mì ín, ẹṣin fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, bàbá mi ń pe Ọlọ́run. Mo tún mì ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń rùn.

Màmá fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu rẹ̀, ó po èèrí síwájú rẹ̀. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Ẹṣin tẹ orí ba, ó bu èèrí, ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́. Kò sí èyí tó já bọ́. Ó tún bu òmíràn. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà nu ojú. Alápatà ká okùn rẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ kí oòrùn tó mú."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, bàbá mi mú mi dání lọ sí Sábó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà. Ọkùnrin náà yára gbé e dìde. "Mo ní kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ ní ẹ̀ ń kánjú."

Màmá ti kú. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, ní ìlú mìíràn. Àwọn èèyàn máa ń gbé aláìsàn wá pẹ̀lú ìdájọ́ lẹ́nu: ọjọ́ ogbó ló dé sí i, agídí ló ń ṣe ọmọ yìí. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mò ń rí kò dára, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ ohun kékeré ló wà níbẹ̀, tí mo lè sọ fún ìyá ọmọ pé kó máa gbé e lọ sílé. Mi ò tíì mọ ọ̀rọ̀ tó dùn-ún sọ ju ìyẹn lọ.