Àmì Dọ́gba Méjì

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti di ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo sì wà lọ́dọ̀ wa, odindi búrẹ́dì kì í di ọjọ́ kejì. Ní báyìí, bí mo tilẹ̀ ra èyí tó kéré jù, yóò ti húkàsì kí n tó jẹ ẹ́ dé àárín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ́sítéètì kan ní Ìbà ni mò ń gbé, yàrá mẹ́ta ni mo ní, méjì nínú wọn kò sì wúlò fún nǹkan kan.

Ọmọ mi kò kú o. Kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Igbó-Elérin ló ń gbé. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ méjì, ó ti débẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dínà láàárín wa. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó wá sọ fún mi pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kí òun lè máa kọ ètò fún kọ̀mpútà. Iṣẹ́ ìjọba tí mo rìn títí bàtà fi jẹ lẹ́sẹ̀ mi kó tó rí i! Ará Èkìtì ni mí, ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ni ogún tiwa. Inú bí mi, mo ní, “Tí o bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, má tẹ ilé mi mọ́.” Ẹyin lohùn, èmi ni mo sì jẹ́ kó bọ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì tẹ ilé mi mọ́. Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu ni.

Mo máa ń pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti gbé e, ẹnu mi á bẹ̀rẹ̀: “O ò rántí mi mọ́. O ti gbàgbé ilé. Iṣẹ́ yẹn ti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.” Òun á sì dáhùn pé, “Mo ti gbọ́, sà.” Kí ọ̀rọ̀ wa tó dà bẹ́ẹ̀, Dádì ló ń pè mí.

Nígbà tó yá, mo ní kí n kúkú lọ wo ohun tó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀mpútà kékeré kan wà ní Òkokomáíkò, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo forúkọ sílẹ̀, mo sì ń lọ láràárọ̀ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń retí àtiwọ yunifásítì ni ìyókù. Kò sẹ́ni tó ń jókòó tì mí, àmọ́ gbogbo wọn ń pè mí ní Dádì. Ó máa ń dùn mí, nítorí ẹni tó yẹ kó pè mí bẹ́ẹ̀ ti fi sà rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, olùkọ́ wa, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí, bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní if. Ó ní kọ̀mpútà kò mọ nǹkan kan ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Tí a bá fẹ́ kó yan ọ̀nà, àwa la ó la ìkóríta fún un: if á sọ ohun tó máa ṣe tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, else á sọ ohun tó máa ṣe tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ká wá àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ ń sọ ti òjò àti agboòrùn. Èmi nawọ́, mo ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn.”

Ó pàtẹ́wọ́. “Dádì, ẹ ti gbà á! If ọmọdé, iwájú. Else, ẹ̀yìn.”

Inú mi dùn bíi ti ọmọ àlàkọ́bẹ̀rẹ̀. N kò ronú rárá pé ara mi ni mo ń bá wí.

Ó wá ní kí oníkálukú kọ tirẹ̀. Ó ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè dárúkọ kan, kó sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà. Mo pe tèmi ní ọmọ. Mo fi “kò tíì dé” sábẹ́ rẹ̀, torí òótọ́ nìyẹn. Kò sí àmì ohùn lórí bọ́tìnnì wọn, èyí sì bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: if ọmọ = dé, kọ “Káàbọ̀”; else, kọ “Ilé dákẹ́”. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Káàbọ̀.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo tún un tẹ̀. Káàbọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà márùn-ún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí ọmọ mi káàbọ̀ níbi tí mo wà, omi sì gbà mí lójú.

Olùkọ́ wá dúró lẹ́yìn mi. “Dádì, wàhálà dé o. Ẹ ò bi í léèrè rárá.”

“Báwo?”

“Àmì dọ́gba kan ṣoṣo lẹ fi. Àṣẹ nìyẹn. Ẹ kàn sọ fún kọ̀mpútà pé ọmọ ti dé, òun náà gbà bẹ́ẹ̀, finíṣì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè bóyá ó ti dé lóòótọ́, méjì lẹ máa fi.”

“Ìyẹn ni pé méjì yẹn ni ‘ṣé’ tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹn-ẹ́n! Ṣé gan-an ni.”

Mo fi ìkejì kún un. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ilé dákẹ́.

Yorùbá ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń sọ fún wọn pé “ó ti jẹun” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀, “ṣé ó ti jẹun” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ mọ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Ìbà, mo wá inú gbogbo ohun tí mo ti bá ọmọ mi sọ láti ọdún méjì. O ò rántí mi. O ti gbàgbé ilé. N kò rí ṣé kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó sọ ti iṣẹ́ tuntun náà pàápàá, n kò béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn.

Mo jókòó ti búrẹ́dì mi, mo pè é.

“Ẹ káàsán, sà.”

Ẹnu mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tó mọ̀. Mo gbé e mì.

“Ṣé iṣẹ́ yẹn tẹ́ ọ lọ́rùn?”

Mo gbọ́ bọ́tìnnì kọ̀mpútà rẹ̀ tó ń dún lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Ó fẹ́ yọ lẹ́nu mi pé, “O ò fẹ́ dá mi lóhùn.” Mo rántí pé àmì dọ́gba kan ṣoṣo nìyẹn, mo sì dúró.

“Dádì,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bi mí.”