Bàtà Lọ́ńdọ̀nù Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin jẹ Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sùúrùlérè kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn ló ti ń fi bàtà mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, bàtà lo wọ̀ àbí àbùlẹ̀?" Òun ní bàtà Lọ́ńdọ̀nù kan tó tọ́jú sínú páálí fún ọjọ́ ńlá. Kò mọ̀ pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ ńlá náà dé. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń yan lọ síbi pẹpẹ, àtẹ́lẹ̀ bàtà ọ̀tún ṣí, ó dúró sẹ́yìn. Kí ó tó bojú wẹ̀yìn, tòsì náà já.

Akọrin kan kígbe pé, "Màmá, ẹ dúró de bàtà yín o!"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ tèmi ló já, ta ni ìbá rẹ́rìn-ín? Ta ló ń retí nǹkan ńlá lẹ́sẹ̀ mi?

Mo dìde, mo bọ́ bàtà alábùlẹ̀ mi, mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àbùlẹ̀ yìí jẹ oyè yín."

Ó na ẹsẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́.

Títí di òní ni wọ́n ń yìn mí pé mo bo àṣírí rẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn.