Ọkọ̀ Ojú Irin tó Ń Jẹ Òróró Àgbọn

Ẹni tó bá wọ yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní erékùṣù Gberefu, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni iwájú ẹ́ńjìnnì rélùwéè kan tó kọjú sí ilẹ̀kùn bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kì í ṣe àwòrán, kì í sì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Irin gidi ni. Ó gùn tó apá mi láti èjìká dé orí ìka, ó sì wúwo débi pé mi ò lè gbé e láìké pe Jésù. Bí ènìyàn bá da omi sí i níkùn, tó dáná sí i nídìí, yóò mí, yóò rìn, yóò sì fọn fèrè.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nígbà tó ń kú lọ, ilé ló fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló fi sílẹ̀ fún mi. Ká ní wọ́n bi mí léèrè ni, ilé ni ǹ bá mú.

Fítà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni àná mi yìí ní rélùwéè l'Ékòó, láyé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń jẹ èédú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé èyí tó tọ́jú kẹ́yìn tà fún àwọn alálòkù irin, ó ha ọ̀dà ara rẹ̀ díẹ̀ sínú páálí ìṣáná, ó gbé e wálé. Ọ̀dà inú páálí yẹn ló fi ń wo èyí tó ń pò. Á pò ó, á dà á nù, á tún un pò, títí àwọ̀ ewé tó ṣú náà fi bá ti inú páálí mu rẹ́gí. Ó kun irin gbọọrọ iwájú rẹ̀ ní pupa. Ìlà òféèfèé tó yí i ká tín-ín-rín bí òwú, ìyẹ́ adìyẹ ló fi fà á. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gé yẹn gan-an ló fi idẹ kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nọ́ńbà yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ẹ́ńjìnnì tó ni ín ti kú, wọ́n ti kun ún bí ẹran, síbẹ̀ ó dúró sí yàrá àlejò, ara rẹ̀ ń dán, ó ń wò mí.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ibi tí mo kà á dé kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, mo sì mọ̀ pé òkú kì í wọnú irin. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, tí páànù ilé bá gbóná, tí ẹ́ńjìnnì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí irin ojú ọ̀nà kékeré tó dúró lé, kọ́, kọ́, kọ́, ìmọ̀ yẹn á dín kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní irin tó ń na ara ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irin tó ń na ara ni. Mo sì gbé àga mi lọ sábẹ́ igi àgbọn títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo rí i pé ó ti kúrò níbi tí mo gbé e sí. Ó ti sún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí ìhà ilẹ̀kùn. Mo dá a padà. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ti sún. Mo wò yíká, ohun tó wà nítòsí ni ìwé orin ìjọ wa, mo fi há a lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó bojú wolẹ̀. "Ta ló fi ìwé orin há ọkọ̀ ọkọ mi lẹ́sẹ̀?"

"Ó fẹ́ kọrin ni."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó fẹ́ kọrin!"

"Sọ̀rọ̀ sókè, ìwọ náà. Bí ẹní ń jẹ̀kọ lo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Kì í ṣe ẹ̀kọ ni mo ń jẹ. Etí rẹ̀ ló ti ń dí. Ọ̀tún ti lọ tán, òsì ló kù tó ń gbọ́ díẹ̀.

Ohun tó ń sún ẹ́ńjìnnì, a padà mọ̀ ọ́n. Ọsàn kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí sìmẹ́ńtì, ó yí, kò dúró, ó gba ilẹ̀kùn jáde lọ. Ilẹ̀ ilé ló ti ń tẹ̀ sí ìhà òkun. Òkun ti ń jẹ etí iyanrìn wa látọjọ́ yìí, igi àgbọn tí mo mọ̀ ní kékeré ti wà nínú omi. Inú mi dùn pé kì í ṣe òkú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rò ó pé òkú ì bá sàn.

Ní ìhà tiwa, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í fi irin sílẹ̀. Àdá, kọ́kọ́rọ́, ìdè ilẹ̀kùn, máṣíìnì ìránṣọ, gbogbo rẹ̀ la máa ń fi òróró àgbọn pa ní Sátidé, bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Ìyá wa ṣe é, ìyá tó bí ìyá wa ṣe é. Nígbà tí àná mi wà láyé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, epo kan nínú agolo kékeré ló máa ń kán sí i. Bí a ṣe sin ín tán, agolo yẹn gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò òróró àgbọn lé mi lọ́wọ́. "Pa á dáadáa. Má jẹ́ kó pọ́n."

Mo pa á. Mo pa á ju bó ṣe ní kí n pa á lọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ajá, á máa ju eegun fún un. Idẹ kékeré kan wà lókè orí rẹ̀ tó máa ń dán bí wúrà, ibẹ̀ ni mo máa ń kán an sí jù, títí á fi ṣàn wọnú ihò rẹ̀. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ni.

Fáàfù ni. Àná mi ti fi hàn mí rí, láàárọ̀ ọdún Kérésì kan tó dáná sí i, ṣùgbọ́n orí mi kò gba ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ìwọ, gbọ́. Ooru omi dà bí àlejò. Tó bá ní òun fẹ́ lọ, ṣílẹ̀kùn fún un. Fáàfù yìí nilẹ̀kùn. Tó bá pọ̀ jù níkùn rẹ̀, fáàfù á ṣí fúnra rẹ̀. Tí kò bá ṣí, àlejò á gba ara ògiri jáde. Ẹni tó bá jókòó ti ògiri nígbà yẹn, kò ní jẹ nínú ìrẹsì ọdún." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sún àga mi sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló fọn fèrè rẹ̀, méjì gígùn, ọ̀kan kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti ilé ìdáná, "Mo ti gbọ́ o, olówó orí mi!" Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fèrè yẹn ló wá fẹ́ gbọ́. Ó pè mí, ó ní, "Kí etí mi tó dí pátápátá, dáná sí ọkọ̀ yẹn fún mi. Fèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ kó gbẹ̀yìn nínú etí mi, kì í ṣe ariwo tìẹ."

Mo ní ó di ẹ̀yìn òjò. Òjò lọ, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo ní omi kànga wa níyọ̀, àfi omi òjò. Ó na ọwọ́ sí àgbá omi òjò tó kún dẹ́nu.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," ó wí.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi tí mo wa ọkọ̀ ojú omi oníẹ́ńjìnnì jákèjádò ọ̀sà yìí nínú ìjì?"

"Ńṣe lo dijú nígbà yẹn. Aláàánú ló fà ọ́ wálé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, tí kùrukùru funfun bo ọ̀sà, tí a ò rí Badagry lódìkejì. Obìnrin ọmọ Ògù tó múlé tì wá, tó ń se òróró àgbọn tà, bá mi gbé ẹ́ńjìnnì náà síta lórí irin rẹ̀ lábẹ́ igi. Ara rẹ̀ tutù bí ẹja. Òróró tí mo fi pa á ti dì funfun sí i lára bí ọ̀rá ẹran. Mo nù ún. Ti ara nìkan ni mo nù.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga rẹ̀ tì í. Mo ní kó sún sẹ́yìn.

"Kí n sún sẹ́yìn, kí n wá gbọ́ kí ni? Afẹ́fẹ́?" Ó so okùn fèrè mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọ etí òsì sí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún.

Mo da omi òjò sí i. Mo dáná èèpo líle àgbọn sí i nídìí, bí àná mi ti máa ń ṣe. Iná èèpo àgbọn kì í ṣeré. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú. Agogo kékeré kan tó ń wọn agbára ooru wà nínú yàrá awakọ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gòkè, àná mi sì ti kun ìlà pupa sí ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Níbi ìlà yẹn ni fáàfù gbọ́dọ̀ ti ṣí.

Òórùn òróró àgbọn gba gbogbo abẹ́ igi.

"Bùọ̀dá," ni aládùúgbò wa wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "rélùwéè lẹ̀ ń wà ni, àbí àkàrà lẹ̀ ń dín?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn kí n tó rí abẹ́rẹ́. Ó ti dé orí ìlà pupa. Mo dúró de fáàfù. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ooru. Nǹkan tó nípọn ló yọ jáde díẹ̀, àwọ̀ ewé, bí ikun ọmọdé, ó sì dúró. Gbogbo òróró tí mo ti ń kán sí i láti Sátidé dé Sátidé, pẹ̀lú iyọ̀ àti eruku, ti jẹ idẹ náà, ó ti di àtè sí i lọ́fun. Ọwọ́ mi ni mo fi di ilẹ̀kùn mọ́ àlejò.

Abẹ́rẹ́ kọjá ìlà pupa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde! Ẹ dìde níbẹ̀!"

Kò gbọ́. Ó gbé ọwọ́ kejì sókè sí mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní kí ọmọ má pariwo, ó sì tún sún etí mọ́ ọn.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn àgbá omi. Àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti ń ro mí láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Aládùúgbò wa ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó di ẹ̀wù mi mú.

"Máwù!" ó ké pe Ọlọ́run lédè Ògù. "Bùọ̀dá, ẹ fi ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀?"

"Mo fẹ́ wá nǹkan ni."

"Kí lẹ̀ ń wá lẹ́yìn àgbá?"

Ẹ̀mú ìdáná wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo mú un. Mo yọjú. Ara ẹ́ńjìnnì náà ń gbọ̀n lórí irin rẹ̀, ìlà òféèfèé yẹn ń mì bí ẹni pé ó fẹ́ já. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí i lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rá bọ̀ lórí iyanrìn, mo mú ẹ̀mú dání, kí n lè fa iná jáde nídìí rẹ̀. Mò ń rá, mò ń ka Sáàmù. Ibi tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ kò pọ̀, mo ń pààrà rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fa okùn.

Fèrè náà ké. Mo ti gbọ́ ọ rí láyé àná mi, kò ké báyìí. Àwọn ẹyẹ fò lórí igi, ajá sá wọ omi. Mo retí kó tú okùn sílẹ̀, méjì gígùn, ọ̀kan kúkúrú, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Kò tú u. Ó fà á mọ́lẹ̀, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ń wá ohùn náà, ó sì ń fà á sí i. Ooru funfun bò ó lórí. Àlejò ti rí ẹnu fèrè gbà jáde. Abẹ́rẹ́ dúró. Ó gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sísàlẹ̀.

Mo dé ìdí rẹ̀, mo fa iná jáde sórí iyanrìn, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Fèrè náà tín-ín-rín, ó dà bí ohùn ẹni tí èémí ń tán lọ, ó sì dákẹ́. Láti inú kùrukùru ọyẹ́, lójú ọ̀sà, a gbọ́ ohùn àwọn apẹja tó ń pariwo pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ta ló kú?

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú. Ó wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí lórí ilẹ̀.

"Kí lo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún? Fà á kó dún."

Aládùúgbò wa fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ti dún, ẹ̀gbọ́n mi," mo pariwo sí i létí òsì. "Gbogbo ọ̀sà ló gbọ́ ọ."

Ó fọwọ́ nu omi ooru lójú. Ó ní, "Ooru ni mo mọ̀ lójú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn lọ́wọ́. "Ó há lọ́fun ni. O ò pa á lóróró tó."

Mo ti tú fáàfù náà, mo ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Mo ti pariwo fún ẹ̀gbọ́n mi pé òróró àgbọn ló di í. Ó ní ìyá wa fi pa irin títí ó fi kú, ta ni irin pa? Nítorí náà tó bá di Sátidé, mo máa ń mú àkísà gbígbẹ, mo ń fi nù ún bí ẹni pé òróró ni mo fi ń pa á, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ìpẹtà ti yọ lábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, ó tó orí abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án ó ṣì máa ń dún, kọ́, kọ́. Ó sì ti tún sún sí ìhà ilẹ̀kùn.

Kérésì ni ẹ̀gbọ́n mi dá fún mi báyìí láti tún dáná sí i. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun máa gbé àga òun sún mọ́ ọn dáadáa.