Èkan Inú Koríko Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú abọ́ kan náà ni èmi àti Káyọ̀dé ti ń jẹun. Káyọ̀dé yìí, tí ó ti di alága àwọn ará ilé wa ní ẹ́sítéètì Jakande, Ìsọlọ̀, ni ó fọ́n oògùn apakoríko sí koríko ìyá mi ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù tí ó kọjá, nígbà tí mo mú ìyá mi lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Kò bi wá léèrè. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Yanrìn lásán ni ó wà níwájú ilé nígbà tí a kó débẹ̀. Ìyá mi, tí ó ń ta ẹ̀kọ, tọrọ koríko nínú ọgbà kan ní Òkòtà, ó fi báàfù rù ú wálé, ó sì ń gbìn ín ní ìdì kọ̀ọ̀kan títí ó fi tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Orí rẹ̀ ni a ti ń jẹ gúgúrú ní ìrọ̀lẹ́, tí a ń ṣe bojúbojú, tí ìrì á sì tutù sí wa lẹ́sẹ̀.

Ọ̀tá koríko náà ni èkan. Ewé rẹ̀ a máa ya ni lọ́wọ́, ẹnu èéhù rẹ̀ a máa gún ni lẹ́sẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó sì ń sá lọ lábẹ́ ilẹ̀ bí wáyà iná. Ní Sátidé tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ìyá mi á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀bẹ tí ó ti kú. Òórùn àkàrà tí ó ń dín á máa ta sí wa nímú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní jẹun àfi ẹni tí ó bá mú gbòǹgbò kan wá láìjá. Yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó já. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, “Ẹni tó bá já èkan sílẹ̀, ìbejì ló gbìn.” Èyí tó já sílẹ̀ a máa hù ní méjì. A ó sá àwọn gbòǹgbò náà sórí páànù títí wọn yóò fi gbẹ, a ó sì fi wọ́n dáná ẹ̀kọ.

Òkè ilé wa ni ìyá Káyọ̀dé ń gbé. Ọjà òkèèrè ni ó ń ná, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ rẹ̀ ń wà. Káyọ̀dé kò ní sùúrù. Ọrùn ni ó ti ń gé èkan.

“Káyọ̀dé, ìyókù ńkọ́?”

“Ibẹ̀ ló parí sí, Mà.”

Yóò kúnlẹ̀, ọwọ́ lókè, ojú lára àkàrà. Síbẹ̀, òun ni ìyá mi kọ́kọ́ máa ń fún.

Nígbà tí oògùn Káyọ̀dé ṣiṣẹ́ tán, koríko wa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìyá mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Ta ló da omi gbígbóná síbẹ̀?” Òjò kan rọ̀, èkan sì hù jáde, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. Mo lọ bá Káyọ̀dé.

Ó ní, “Ṣé o ti rí i pé igbó ni? Ejò ló máa kó wọbẹ̀. A máa da kọnkéré sí i ní Sátidé tó ń bọ̀, káwọn èèyàn ríbi gbé mọ́tò sí.”

Mo ní, “Ìwọ lo pa èyí tó dáa, o wá fi èyí tó burú sílẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Wo bó ṣe ń bínú, bí ẹni tí wọ́n gbàyàwó ẹ̀. Koríko lásán!”

Láyé ìgbà náà, ọmọdé mọ èkan yàtọ̀ sí koríko rere. Lónìí, orí àtẹ̀gùn ni àwọn ọmọ ilé wa ń jókòó sí, tí wọ́n ń tẹ fóònù. Àgbàlagbà sì rò pé oògùn inú ike lè ṣe iṣẹ́ tí a ń fi orí ìkúnlẹ̀ ṣe. Díẹ̀ nínú koríko náà ṣì yè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ti mú ọ̀bẹ, mo ń tọ èkan lẹ́sẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àga, ó ń fi ọ̀pá júwe. Bí kọnkéré kò bá bò ó, yóò tún tẹ́ rẹrẹ.

Mo sọ ẹni tí ó ṣe é fún un. Ó ní, “Ẹ pè é wá. Kó wá mú ọ̀bẹ tiẹ̀.”

Ìdájọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá èyí tí ó kù: ẹni tí ó pa koríko, tí ó wá ń fi èkan jẹ́rìí pé igbó ni, ṣé òun ni ó yẹ kí ó pàṣẹ kọnkéré?