Agolo Máńgòrò Dídì Fún Ìṣínu Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu lásán sọ. Ilẹ̀ á gbóná débi pé àwa ọmọdé á máa fò láti abẹ́ igi kan sí abẹ́ igi kejì, àwọn adìyẹ á sì la ẹnu sílẹ̀ ní ìdí ìkòkò omi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ooru yẹn gan-an ni oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí. Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì ti búra pé n kò ní gba ààwẹ̀ ìdajì ọjọ́ mọ́ bíi ti àbúrò mi. Odidi ni n ó gbà. Mo gbà á gidi, mo tilẹ̀ gbà á ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tutọ́ dànù kí n má baà gbé itọ́ ara mi mì. Màmá mi ní kí n yéé tutọ́ sí ojúde àwọn. N kò gbọ́.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá bàbá mi wà lọ́dún náà. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, bàbá mi ló lọ mú wọn wá lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú lóko. Ìyá àgbà ti rù. Egungun èjìká wọn ti yọ sókè lábẹ́ ìborùn. Ohun gbígbóná kankan kò lọ lọ́fun wọn mọ́: wọ́n á fi ẹnu kan ẹ̀kọ mímu, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á wo iyán, wọ́n á ní ó ti tó. Omi nìkan ni wọ́n fi ń ṣínu, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Síbẹ̀, tó bá di àsìkò sáárì ní ìdájí, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú gbogbo ilé, tí wọ́n á máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi jẹ́ télọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí sú wọn. Wọ́n ní Ọlọ́run kò fi dandan lé arúgbó, pé kí a máa bọ́ tálákà kan lójoojúmọ́ dípò ààwẹ̀ Ìyá àgbà. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, koko ló ń le. Ìyá àgbà ní láti ìgbà tí àwọn ti ní làákàyè, nǹkan obìnrin nìkan ló ń gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ àwọn, àwọn sì máa ń san án padà, pé ẹni tó bá tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn báyìí, kí ó dúró de ikú. Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn bàbá mi ní, "Ẹ gba ti ọ̀la. Ṣùgbọ́n iwájú yín ni n ó jókòó sí ní ìṣínu. Bí oúnjẹ bá lọ lọ́fun yín, ẹ máa gbà á lọ. Bí kò bá lọ, ó tán nìyẹn, Ìyá."

Ìyá àgbà ní ó dára. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn nígbà tí bàbá mi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Èmi ni mo wá ọgbọ́n sí i. Ní Sábó, tí kò jìnnà sí ilé wa, Hausa kan wà tó ń ta omi tútù nígbà ààwẹ̀. Ìlọrin ni ọkọ̀ ti ń bá a gbé yìnyín wá, gìdìgbà gìdìgbà, tí wọ́n á fi àpò wé, tí wọ́n á da èérún pákó lé lórí kí ó má baà yọ́ tán lọ́nà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń da oje máńgòrò sínú agolo mílíìkì, á fi ewé dé e lẹ́nu, á fi òwú dì í, á wá to àwọn agolo náà sáàárín yìnyín fífọ́ tó ti bu iyọ̀ sí dáadáa. Iyọ̀ yẹn ni àṣírí iṣẹ́ náà. Yìnyín lásán kò lè mú oje dì. Àfi tí iyọ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ọn ni òtútù rẹ̀ tó ń le. Tó bá ṣe díẹ̀, oje inú agolo á ti dì, ẹ ó sì máa fi ṣíbí họ ọ́ jẹ. Mo ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Mo mọ̀ pé bí nǹkan kan bá máa wọ ọ̀fun Ìyá àgbà, òun ni.

Mo lọ bẹ obìnrin náà pé kí ó kọ́ mi. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó wá fi ìka kan etí agolo, ó ní, "Omi tó bá yọ́, kí o máa dà á nù. Kò gbọdọ̀ dé ibí." Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wàhálà ló kọ́kọ́ dé. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni, ẹyẹ sì ti jẹ lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun igi kí n tó rí ìwọ̀nba tó dára. Mo bó wọn, mo fún wọn gba inú asẹ́, okùn ara wọn dí ojú asẹ́ pa. Mo tún un sẹ́ pẹ̀lú aṣọ. Yìnyín tí màmá mi rà fún mi ti dín kù kí n tó rù ú délé; omi rẹ̀ ń ro sí mi lẹ́yìn ọrùn nínú oòrùn yẹn, n kò sì lè fi ahọ́n gba ẹ̀kán kan. Àbúrò mi ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń ṣa èyí tó bá jábọ́ lá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ sunkún.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo to agolo mẹ́rin sínú páànù ńlá kan: ti Ìyá àgbà, ti bàbá mi, ti màmá mi àti tèmi. Mo da yìnyín fífọ́ yí wọn ká, mo bu iyọ̀ sí i, mo fi àpò bò ó. Mo da omi rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kíní. Mo dà á nù lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá fẹ̀yìn ti igi kí n fi sinmi díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ààwẹ̀ nínú ooru rí, ẹ mọ bí oorun ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń gbé èèyàn. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti fẹ́ẹ̀ wọ̀, omi ti kún páànù, ewé tí mo fi dé àwọn agolo náà sì ti wà lábẹ́ omi.

Mo yára da omi náà nù, mo tú òwú ọ̀kan wò. Oje ti dì. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dára lójú ju ti Sábó lọ, àfi pé ó rọ̀ díẹ̀ lókè. Mo ní ìyẹn kò burú. Mo ní Ọlọ́run ti kó mi yọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tọ́ ọ wò. Èmi náà ti bi ara mi títí, ó ti sú mi. Àwọn ààfáà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ń dáná lè fi orí ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ó tu ú dànù, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Màmá mi ń ṣe é lójoojúmọ́ níṣojú mi. Ṣùgbọ́n èmi ẹni mímọ́ tí kì í gbé itọ́ mì, mo ní ètè mi kò ní kan nǹkan kan títí ládàánì á fi pe ìrun. Mo tilẹ̀ lè pe àbúrò mi tí ààwẹ̀ ìdajì ọjọ́ tirẹ̀ ti tán kí ó bá mi tọ́ ọ wò. Kò sọ sí mi lọ́kàn.

Ládàánì pe ìrun. Bàbá mi fi omi ṣínu, wọ́n sì jókòó síwájú Ìyá àgbà bí wọ́n ṣe sọ. Mo gbé agolo kalẹ̀, mo fi ṣíbí tì í. Ìyá àgbà ní "Bisimilahi", wọ́n bu ṣíbí kan sẹ́nu. Wọ́n gbé e mì, wọ́n bu òmíràn.

"Báwo ló ṣe rí, Ìyá?" ni bàbá mi bi wọ́n.

"Ó dùn. Ọmọ yìí mọ nǹkan án ṣe."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún fi ṣíbí ha ìdí agolo. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín tí bàbá mi rín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èmi náà wá bu tèmi sẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ, iyọ̀ ni. Iyọ̀ paraku ni, tí máńgòrò kàn ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọjú. Mo gbé ojú sókè, ojú èmi àti Ìyá àgbà sì ṣe mẹ́rin. Wọ́n mi orí sí mi díẹ̀, pé kí n gbé e mì. Mo gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú bàbá mi dùn, àwọn tí kì í sábà jẹ nǹkan dídùn, wọ́n fa agolo tiwọn náà sọ́dọ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọn kò bá mi wí, wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyá wọn ni wọ́n ń wò.

"Ìyá," ni bàbá mi wí, "bí ẹ bá lè sọ fún mi pé èyí dùn, ọjọ́ wo ni n ó wá gbà yín gbọ́ tí ẹ bá ní ara yín le?"

Ìyá àgbà tí kì í gbẹ́nu sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kàn fi ọ̀pá dìde, wọ́n wọlé lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni a ti ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá afọ́jú kan lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Èmi ni wọ́n ń rán. Ìyá àgbà ṣì ń jí wa fún sáárì, ṣùgbọ́n wọn kì í bá wa jókòó ti oúnjẹ mọ́. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé àwo tiwọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa jẹ ẹ́, bí ẹni tó jalè. Wọ́n ṣaláìsí kí ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé. Wọn kò bú mi títí wọ́n fi lọ. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi. Bóyá bàbá mi jàre, bóyá ààwẹ̀ yẹn ì bá ti yára gbé wọn lọ. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo sùn.

Ọ̀yọ́ ni mo wà báyìí, ilé ọkọ ló gbé mi wá, èmi nìkan ló sì kù nílé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Èkó ra fíríísà ńlá kan ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa rí nǹkan tútù fi ṣínu. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iná ni fíríísà ń jẹ, iná tiwa sì ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, mo lọ máńgòrò mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, mo dì í sínú ọ̀rá, mo tò ó sínú rẹ̀. Ó fẹ́ dì, iná lọ, ó yọ́. Iná dé, ó tún fẹ́ dì, iná tún lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi kíkan ni mo bá nínú ọ̀rá. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo sì gbá fíríísà náà létí. Àwọn ọmọ àdúgbò wá ń fa omi aláwọ̀ inú ọ̀rá mu kọjá níwájú mi, wọ́n ní ọsàn ni. Ọsàn wo?

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n fi ààwẹ̀ sílẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò gbà á mọ́. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ jẹun dáadáa?"

Láti ọ̀sán ni òòyì ti ń kọ́ mi. Ògiri ni mo dì mú tí mo fi dé orí àga, omi nìkan ló sì tíì wọ ọ̀fun mi. Mo ní, "Ara mi le, ọmọ mi. Mo jẹun yó." Ó ní "Alhamdulillahi," ó ní kí n máa fi àdúrà ran òun lọ́wọ́, ó sì pa fóònù.

Láyé ìgbà tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara àgbà ṣe rí, iwájú àgbà ló máa ń wá jókòó sí. Lóde òní, wọ́n ń pè wá, a ń dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo gba ààwẹ̀ mi pé, ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, inú ń bí mi gidigidi, pé ọmọ mi gbà mí gbọ́.